Tìmùtìmù Ẹ̀gbẹ́ Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

 

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ pé ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fẹ́ fi ta ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ ní àsìkò yìí ni ọkọ̀ ojú omi kan, tí yóò máa kó àwọn ọmọ tí ń gbé ní òdìkejì ọ̀sà wá sí ilé ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀, tí yóò sì máa dá wọn padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tí ń jíròrò lórí rẹ̀. A sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì títí ilẹ̀ fi ṣú. A sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà tí a óò fi kùn ún, àríyànjiyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà láàárín àwọn tí ó fẹ́ àwọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn tí ó fẹ́ funfun. A sọ̀rọ̀ nípa orúkọ tí a óò kọ sí i lára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan tí ó dárúkọ ohun tí yóò wà láàárín ọkọ̀ náà àti ògiri èbúté nígbàkigbà tí ó bá gúnlẹ̀. Èmi tí ó yẹ kí n sọ ọ́ náà dákẹ́, nítorí pé ojú ń tì mí láti sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà tí olóòtú ìwé ìròyìn yìí wá ní kí n kọ nǹkan, tí ó sì ń retí ìtàn ilé ìsìn ilé ẹ̀kọ́ wa láyé àtijọ́, mo dá a lóhùn pé tìmùtìmù ni n óò kọ nípa rẹ̀. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Ohun tí mo pè ní tìmùtìmù yìí ni àwọn awakọ̀ ojú omi ní Èkó ń pè ní fẹ́ńdà. Kì í ṣe tìmùtìmù aláwọ tí àwọn bàbá wa ń jókòó lé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn fara jọra. Àpò ike tí ó nípọn ni, afẹ́fẹ́ ni ó kún inú rẹ̀, okùn ni a sì fi ń so ó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá sún mọ́ èbúté, tàbí tí ó sún mọ́ ọkọ̀ mìíràn, àpò yìí ni ó ń kọ́kọ́ fara kan ògiri. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fún pọ̀, á gba agbára ìkọlù náà díẹ̀díẹ̀, á sì tún ti ọkọ̀ padà jẹ́jẹ́. Ohun tí ìbá dé lójijì sí ojú kan ṣoṣo lára ọkọ̀ á wá dé pẹ̀lẹ́, á sì tàn ká ibi tí ó fẹ̀.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn atukọ̀ ti ń wá ohun tí yóò gba ìyà jẹ fún ọkọ̀. Okùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń hun pọ̀ di ìdì gbọọrọ, tí wọ́n á fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ń pa ẹja àbùùbùtán ní agbami tilẹ̀ máa ń fi òkú ẹja náà gan-an sí àárín ọkọ̀ méjì tí ó bá fẹ́ fara kanra láti kó ẹrù. Ní ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ rọ́bà Yokohama ní ilẹ̀ Jàpáànù ṣe tìmùtìmù rọ́bà ńlá aláfẹ́fẹ́ tí ó rọ́pò òkú ẹja yẹn, irú rẹ̀ ni a sì ń rí títí di òní láàárín àwọn ọkọ̀ elépo. Àwọn kéékèèké tí ó bá ọkọ̀ tiwa mu ní ìtàn tiwọn pẹ̀lú: ní Ålesund, ìlú apẹja kan ní Nọ́wè, ni ilé iṣẹ́ Polyform ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike ṣe àpò aláfẹ́fẹ́ ní ọdún 1955. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja ni ọgbọ́n náà ti wá. Apẹja ni ó máa ń mọ iye tí ihò kan lára ọkọ̀ ń náni.

Ẹ óò bi mí pé, táyà ńkọ́? Ṣebí táyà ògbólógbòó ni a ń rí lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ àti èbúté káàkiri ọ̀sà Èkó? Òótọ́ ni, n kò sì ní bú táyà. Kò wọ́n, kì í tètè gbó, bí a bá sì kàn án mọ́ ara ògiri èbúté, iṣẹ́ rere ni ó ń ṣe níbẹ̀. Ara ọkọ̀ ni kò ti dára. Ọkọ̀ tí a fẹ́ rà kì í ṣe onígi, fáíbà ni. Táyà á máa fi dúdú pa á lára, wáyà tí ó wà nínú táyà tí ó ti gbó á sì máa yọ síta, á máa ha ọkọ̀, á sì máa ha ọmọdé tí ó bá fọwọ́ kàn án. Omi òjò á dúró sínú rẹ̀, ẹ̀fọn á yé sínú omi náà, àyàfi bí a bá lu ihò sí i nísàlẹ̀. Ó wúwo, bí okùn rẹ̀ bá sì já, ìsàlẹ̀ odò ni ó ń lọ tààrà. Tìmùtìmù aláfẹ́fẹ́ tí okùn rẹ̀ já á léfòó, ẹ ó sì rí i mú.

Ó kù kí n sọ ohun tí ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ìwọ̀n ọdún 30 sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì pẹ́ tí mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, wọ́n rán mi lọ sí àwọn ìjọ kan ní etí ọ̀sà, níbi tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ni a fi ń ti ìjọ kan dé òmíràn. Ìjọ ní ọkọ̀ fáíbà kan tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ẹni tí ó fi ọkọ̀ náà ta wá lọ́rẹ ra tìmùtìmù mẹ́rin mọ́ ọn, tuntun, funfun báláú. Wọ́n wù mí púpọ̀. Nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n dọ̀tí, mo pàṣẹ pé kí wọ́n kó wọn sínú àpótí tí ó wà ní ìdí ọkọ̀, kí a máa yọ wọ́n síta bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀. Inú àpótí yẹn kan náà ni a ń gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sí. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta ni wọ́n fi wà níbẹ̀, nínú ooru àti òórùn epo. Nígbà tí a ṣí àpótí náà, méjì nínú wọn ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀, ara wọn ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ìkẹta ti jò pátápátá. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó ṣeé lò. Mo ní kí a máa lò ó bẹ́ẹ̀, pé bí ìkórè bá kọjá a óò ra òmíràn.

Ní ọjọ́ ìkórè ọ̀kan nínú àwọn ìjọ náà, àwa mẹ́jọ ni a wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni tìmùtìmù kan ṣoṣo náà wà. Afẹ́fẹ́ gbé wa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọ èbúté. Bí a ti ń sún mọ́ ọn, ọkọ̀ ayára kan kọjá lẹ́yìn wa, ìgbì rẹ̀ sì gbé ọkọ̀ wa sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta láti ti ọkọ̀ kúrò lára ògiri. Kò ṣe ohun tí a kì í ṣe. Ojoojúmọ́ ni gbogbo wa ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà ń ṣe é, mo sì ti yin òun fúnra rẹ̀ rí pé ó yára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín. Ìró egungun náà ni mo gbọ́ kí n tó gbọ́ igbe rẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní ilé ìwòsàn, títí di òní ni ó sì ń tiro.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ náà bí olùkọ́ físíìsì wa ìbá ti rò ó. Ọkọ̀ tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, epo àti ènìyàn mẹ́jọ, á wúwo ju tọ́ọ̀nù 1 lọ. Bí ó tilẹ̀ ń rìn bí arúgbó ti ń rìn, kò sí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn tí ó lè dá a dúró. Àwọn ọmọ wa kò mọ èyí. Bí wọ́n bá rí ògiri tí ń bọ̀, wọn á na ọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kì í ṣe nítorí ọ̀dà ọkọ̀ ni a ṣe ń ra tìmùtìmù.

Bí a bá dé ọjà, oríṣi mẹ́ta ni a óò rí. Èkíní gùn gbọọrọ bí ìrọ̀rí, ó ní ojú okùn ní orí àti ní ìdí, tàbí kí ó ní ihò tí okùn ń gbà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èkejì rí roboto bí bọ́ọ̀lù. Ó dára fún igun iwájú ọkọ̀ àti fún ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá fara ti ọkọ̀ ńlá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a lè tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù, kí a ká a bí ẹní, kí a sì tì í sí kọ̀rọ̀ kan. Aṣọ tí a fi ike bò ni wọ́n fi ń ṣe é. Nínú ìgbìmọ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀kẹta yìí ni ojú ènìyàn máa kọ́kọ́ lọ sí, nítorí pé ọkọ̀ kékeré kò ní àyè. Èmi kò fara mọ́ ọn fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ọkọ̀ tí yóò gúnlẹ̀ léraléra láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò ní rí ẹni tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tìmùtìmù, kí ó sì tún máa tú u, nígbà gbogbo. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ ọkọ̀ á fi í sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ẹni ni yóò sì tún di tìmùtìmù. Kí a ra onígbọọrọ tí afẹ́fẹ́ ń wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo fún ìrìnàjò ojoojúmọ́. Bí owó bá kù, kí a ra èyí tí ń ká méjì tí ó tóbi dáadáa, fún ìgbà tí ọkọ̀ bá sùn sí èbúté ní àkókò ìjì.

Ní ti ìwọ̀n, òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn tí ń ta ọjà náà àti àwọn atukọ̀ jọ ń lò: fún ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5 tí ọkọ̀ bá gùn, kí ìbú tìmùtìmù onígbọọrọ jẹ́ íńṣì 1. Roboto á tó ìlọ́po méjì èyí. Ọkọ̀ tí a fẹ́ rà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24, nítorí náà íńṣì 6 ni òṣùwọ̀n pè fún. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a gbé e sókè sí íńṣì 8 ní ìbú, kí gígùn rẹ̀ sì tó íńṣì 26. Omi tí ó pa rọ́rọ́ ni òṣùwọ̀n yẹn wà fún, ọ̀nà omi tiwa kò sì pa rọ́rọ́. Ọkọ̀ ayára ń kọjá níbẹ̀ láti àárọ̀. Iye tí a óò rà kò gbọdọ̀ dín sí mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà lápapọ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọkọ̀ fi ń gúnlẹ̀. Mo ti sọ ohun tí afẹ́fẹ́ fi wá ṣe.

Kí a tó na owó, kí a lọ wo èbúté méjèèjì. Ti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ògiri kọnkéré tí ó tẹ́ gbọọrọ. Níbẹ̀, bí a bá so tìmùtìmù kọ́ lóòró, ó parí. Ṣùgbọ́n ti òdìkejì jẹ́ òpó igi tí a rì sínú omi, tí àyè sì wà láàárín òpó kan àti èkejì. Tìmùtìmù tí a so lóòró á yí kúrò lójú òpó bí ìgbì bá ti ti ọkọ̀ díẹ̀, á bọ́ sí àárín àyè, òpó á sì kọlu ara ọkọ̀ ní tààrà. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà. A lè so ó ní ìbú, kí okùn di orí àti ìdí rẹ̀ mú. Ìdí rèé tí a kò fi gbọdọ̀ ra èyí tí ó ní ojú okùn kan péré. Èyí tí ó sàn jù ni pé kí a so tìmùtìmù méjì lóòró, kí a sì gbé pákó gbọọrọ kan kọ́ ní ìta wọn, kí pákó náà gùn ju àyè tí ó wà láàárín òpó méjì lọ. Òpó á kọlu pákó, pákó á tẹ tìmùtìmù, ọkọ̀ kò sì ní mọ nǹkan kan. Káfíńtà wa lè ṣe pákó yẹn ní ìdajì ọjọ́.

Ó tún kù: omi ọ̀sà a máa kún, a sì máa fà. Èbúté tí ó dọ́gba pẹ̀lú ọkọ̀ ní òwúrọ̀ lè ga jù ú lọ ní ọ̀sán, omi oṣù Kẹwàá sì yàtọ̀ sí ti oṣù Kejì. Nítorí náà, kò sí ibi kan tí a lè kàn án mọ́ títí láé. Ọmọ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wo ibi tí ara ọkọ̀ yóò ti fara kan èbúté ní wákàtí yẹn, kí ó sì sọ ọ́ rọ̀ débẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti fẹ̀ jù ni kí ọ̀kan kọ́kọ́ wà. Kí ìdí rẹ̀ má ṣe wọnú omi, nítorí pé ìgbì á máa gbé e sókè kúrò ní àyè rẹ̀. Okùn náílọ̀n tí ó nípọn tó ọmọńdinrín ni kí a lò, kí a sì so ó mọ́ irin tí a dè mọ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀ dáadáa. Ọ̀pá ìdìmú tí àwọn èrò ń dì mú kọ́ ni a ń so ó mọ́. Bí ọkọ̀ bá fà á, ọ̀pá á tẹ̀. Ní kété tí ọkọ̀ bá kúrò ní èbúté, kí a fa gbogbo wọn wọlé. Ọkọ̀ tí ń sáré pẹ̀lú tìmùtìmù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà bí ẹni tí agbádá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ nínú ọjà, ewéko ojú omi tí ó bo ọ̀sà wa á sì máa lọ́ mọ́ okùn rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé bí ó bá ti le tó ni ó ti dára tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tí ó le bí òkúta kò lè fún pọ̀. Ń ṣe ni yóò ta ọkọ̀ dànù bí bọ́ọ̀lù, tàbí kí ó bẹ́. Àwọn onígbọọrọ yìí kò nílò ju ìwọ̀n 2 lọ lórí òṣùwọ̀n tí fọkanáísà fi ń wọn táyà, níbi tí táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń gba nǹkan bí 30. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé tìmùtìmù lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ́. Pọ́ńpù tí a fi ń fẹ́ bọ́ọ̀lù tó. Bí ẹ bá fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, kí ó wọlé díẹ̀, kí ó sì padà.

Kí ẹ sì rántí oòrùn. Olùkọ́ físíìsì wa kò jẹ́ kí a gbàgbé pé afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́ ibi kan a máa le sí i bí ó bá ti ń gbóná. Bí a bá fi ìwọ̀n 2 sí tìmùtìmù ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì fi 25 gbóná sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, ìwọ̀n náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3.5 bí àpò náà kò bá fẹ̀ sí i. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan pọ́ńpù. Àpò á fẹ̀, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á sì máa rẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Òwúrọ̀ kọ́ ni kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ọ̀sán ni, nígbà tí ó ti gbóná. Bí ó bá rọ̀ díẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìtọ́jú ni ó kù, òun ni mo sì jẹ̀bi rẹ̀ jù. Ọ̀tá mẹ́ta ni ike yìí ní: oòrùn, epo àti iyanrìn. Oòrùn a máa mú kí ó sán, kí ó sì le koránkorán. Epo a máa ṣe òdìkejì rẹ̀, a máa bá òróró tí ó wà nínú ike jà títí tí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi máa lẹ̀. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ti rí ọmọ ọkọ̀ tí ó fi bẹntiróòlù nu ìdọ̀tí lára tìmùtìmù tí ó sì mọ́ tónítóní. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó ṣe. Omi àti ọṣẹ lásán ni kí a fi fọ̀ ọ́. Ní ti iyanrìn, bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, tìmùtìmù fúnra rẹ̀ á di ohun tí ń ha ọkọ̀. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ òkun bá wọ inú ọ̀sà, kí a fi omi tútù ṣàn án lóòrèkóòrè. Ó sì yẹ kí a rán ẹ̀wù aṣọ wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀wù yẹn ni yóò gba oòrùn àti ìdọ̀tí, a sì lè bọ́ ọ kí a fọ̀ ọ́.

Nínú ọkọ̀, kí a má ṣe kó wọn sí ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà wọlé, kí a má sì kó wọn lé orí láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Agbọ̀n onírin kan tí a dè mọ́ ìdí ọkọ̀ lókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí wọn, ni ó dára jù, kí ó sì jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì epo. Ní àkókò ìsinmi gígùn tí ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́, kí a kó wọn lọ sí ilé. Kí a fọ̀ wọ́n, kí a jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kí a tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú wọn, kí a sì so wọ́n kọ́ kí eku má baà rí wọn jẹ. Kí ẹrù má ṣe wà lórí wọn. Àwọn tí ń ká gbọ́dọ̀ gbẹ tinú-tòde kí a tó ká wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á bu. Mo ti ń wo yàrá tí a ń kó ẹní eré ìdárayá sí nígbà tiwa, ṣùgbọ́n páànù rẹ̀ kò ní àjà, ẹ̀yin tí wọ́n ti ránṣẹ́ sínú rẹ̀ ní ọ̀sán rí sì mọ bí ó ti ń gbóná tó. Yàrá tí ó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé ni ó sàn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé tìmùtìmù lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ohun gbogbo. Ọkọ̀ Dayspring tí ó gbé Àlùfáà Samuel Ajayi Crowther àti Dókítà Baikie gòkè Odò Ọya fi ara kọ àpáta nítòsí Jẹ́bà ní ọdún 1857, ó sì bàjẹ́ pátápátá; kò sí tìmùtìmù tí ìbá gbà á. Ọkọ̀ tí ń rọra gúnlẹ̀ ni ó wà fún. Kì í sì í ṣe láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé ó ń léfòó, a sì lè jù ú sí ẹni tí ó bọ́ sómi bí kò bá sí ohun mìíràn nítòsí, ṣùgbọ́n láìfù-jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó ṣí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi sọ ọ̀kan yìí fún àwọn ọmọ yín nílé kí ọkọ̀ náà tó dé: bí èbúté bá ti ń sún mọ́, kí ọwọ́ wà lórí itan, kí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, kí wọ́n sì jókòó títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Kí wọ́n má ṣe ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó ṣòro láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí a tọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

Mo ti fi ìwé ránṣẹ́ sí akápò pé kí tìmùtìmù mẹ́fà, okùn wọn, pọ́ńpù kan, agbọ̀n onírin àti pákó gbọọrọ náà wọ inú ìṣirò kí a tó sọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́. Ẹ̀wù aṣọ kò sí nínú ìṣirò náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin báyìí, iṣẹ́ télọ̀ ni ó ń ṣe. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ìtàn ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun. Ó wá bi mí pé aṣọ wo ni a óò fi bo àwọn tìmùtìmù náà. Mo ní a kò tíì rò ó. Ó ní òun yóò rán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìgba kọ́bọ̀, kí n sáà tètè fi ìwọ̀n wọn ránṣẹ́.